Bàtà Tí Hàmdálátù Là Sí Méjì

Bí ènìyàn bá wọ Sábó ní Ṣàgámù láàárọ̀, tó ń tẹ̀lé òórùn obì lọ, kò ní pẹ́ kó tó kan ìsọ̀ Alhaji Fàsásì Bẹ̀llò. Lápá ọ̀tún ìsọ̀ náà, obì gbànja ló wà nínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ewé tútù bò. Lápá òsì, bàtà kánfáàsì ló wà, tí wọ́n so kọ́ ní méjì-méjì bí ẹja tí wọ́n ń sá sóòrùn. Bàbá ló ni ọ̀tún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hàmdálátù, tí àwọn ará ọjà ń pè ní Ìyá Ridwan, ló ni òsì.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni Hàmdálátù. Obìnrin tó ga, tí kì í pariwo, tí làálì kì í sì í tán ní ìka ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò fẹ́ràn ohun tó bá rí jákujàku. Bàtà funfun kì í wà láàárín dúdú nínú ìsọ̀ rẹ̀. Bí oníbàárà bá wọ ọ̀kan wò tí kò dá a padà sí àyè rẹ̀, yóò rọra dìde, yóò sì dá a padà.

Ìdí obì ló ti kọ́ ètò. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń jókòó ti baba rẹ̀, tí ó ń ṣa obì: ńlá sí ọ̀tọ̀, kékeré sí ọ̀tọ̀, èyí tí kòkòrò ti kàn sí ọ̀tọ̀. Òfin kan sì wà ní ìsọ̀ Bẹ̀llò kí wọ́n tó bí i. Ẹni tó bá fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ obì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, tí yóò mú èyí tó bá wù ú jáde, olóbì yóò sì fi ọ̀bẹ là á níṣojú rẹ̀. Bí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, ẹni tó ni ọjà ni yóò fi orí ara rẹ̀ ru apẹ̀rẹ̀ náà padà sílé. Kò gbọdọ̀ gbé e fún alábàárù. Gbogbo ọjà ni yóò rí i bó ṣe ń lọ. Nítorí òfin yìí, àwọn Haúsá tó ń kó obì lọ sí òkè Ọya máa ń fo ìsọ̀ mẹ́wàá kí wọ́n tó dúró ní ti Bẹ̀llò.

Ṣùgbọ́n obì òde òní kò pọ̀ bí obì àná, ilé Bẹ̀llò kò sì kéré. Nígbà tí ọkọ Hàmdálátù kú, tí ó rí i pé ọ̀tún ìsọ̀ kò lè bọ́ ẹnu gbogbo wọn mọ́, ó gba òsì lọ́wọ́ baba rẹ̀, ó sì ń ta bàtà òkìrìkà. Ìdí òkìrìkà yẹn ni Mọ́ṣúdù ti bá a.

Akọ̀wé ni Mọ́ṣúdù ní ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ bàtà kan ní Ògìjo. Bàtà tí wọ́n ń rán níbẹ̀ kì í ṣe ti Ògìjo. Ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun ló ń fi awọ ránṣẹ́, tí orúkọ àti àmì wọn ń wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ padà lọ bí wọ́n bá ti rán an tán. Mọ́ṣúdù gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níwájú Hàmdálátù.

"Ìyá Ridwan, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ojú wò ó nìkan."

"Ayédèrú ni?"

"Ayédèrú kẹ̀! Ọwọ́ tó rán èyí tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ló rán èyí náà. Awọ kan náà, maṣíìnì kan náà, gọ́ọ̀mù kan náà."

"Kí ló wá dé tí òun kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi?"

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. "Èènì ni."

Ó ṣàlàyé fún un. Awọ tó tó ẹgbàárùn-ún bàtà ni àwọn ará òkè òkun máa ń fi ránṣẹ́, wọ́n á sì fi díẹ̀ lé e nítorí èyí tó lè bàjẹ́. Bí àwọn tó ń rán an bá fara balẹ̀, kò sí èyí tí yóò bàjẹ́, awọ yóò sì ṣẹ́ kù. Nínú ìwé àdéhùn, ṣe ló yẹ kí wọ́n gé ìyókù wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí wọ́n sun ún. Ní Ògìjo, wọn kì í sun ún. Ọjọ́ Sátidé, nígbà tí aṣojú àwọn olówó bá ti wọ ilé rẹ̀ lọ ní Èkó, wọ́n á rán an.

Bí Hàmdálátù ṣe di oníṣòwò èènì nìyẹn. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo oníbàárà: "Kì í ṣe ayédèrú o. Ọwọ́ tó ń rán ojúlówó ló rán an. Àmọ́ ẹni tó ni orúkọ ara rẹ̀ kò mọ̀ pé mo ń tà á. Ìdí nìyẹn tí ó fi pọ́ọ́kú."

Àwọn ọ̀dọ́ á kàn máa rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì ń kọ́?"

Baba rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Hàmdá," ó bi í lọ́jọ́ kan, "ẹni tó ń ta obì oko mi láìjẹ́ kí n mọ̀, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Bàámi, wọ́n fẹ́ sun ún tẹ́lẹ̀ ni."

"Wọn ì bá sun ún."

Kò tún bá a sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Hàmdálátù, nítorí náà ó wá ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ó mú òfin obì, ó fi sí orí bàtà. Ẹni tó bá fẹ́ ra odindi àpò, òun ni yóò mú ẹsẹ̀ kan láti ìsàlẹ̀; Hàmdálátù yóò fi ọ̀bẹ là á sí méjì níṣojú rẹ̀, kí ó rí awọ, kí ó rí fóòmù, kí ó rí okùn oníméjì tí ayédèrú kì í ní. Nítorí pé kò fẹ́ràn ìdọ̀tí, kì í sọ ìlàjì bàtà náà nù. Ó ń tò wọ́n sínú páálí kan lábẹ́ tábìlì, ó sì ń kọ ọjọ́ tí ó là wọ́n sí ara wọn.

Ní ọdún tó kọjá ni Kòfowórọlá Ògúnrìndé wá kí i ní ìsọ̀. Ọmọ Ibido ní Ṣàgámù ni Kòfowórọlá, láti ilé àwọn àgbẹ̀ tí wọn kò rántí ibòmíràn tí wọ́n ti wá. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti Hàmdálátù ti kàwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bàtà yẹn ní Ògìjo ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ, òun ni ó sì mọ bàtà rán jù nínú gbogbo wọn. Ó gba ẹsẹ̀ kan lára èyí tó so kọ́, ó yí i padà, ó fi èékánná tọ ojú okùn rẹ̀.

"Hàmdá, níbo lo ti rí èyí?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni."

"Èmi ni mo rán an." Ó jókòó. "Wọ́n ní iṣẹ́ àfikún ọjọ́ Sátidé ni, èmi nìkan ni wọ́n ń pè láti rán an parí. Wọ́n ní ó ń bá àwọn yòókù lọ."

"Bóyá o kò béèrè ni."

"Ta ló ń béèrè ní Ògìjo?" Kòfowórọlá dá bàtà padà sí àyè rẹ̀ gan-an, nítorí ó mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, àti ìyá tí kò ríran mọ́. Ìdí maṣíìnì yẹn ni gbogbo wa ti ń jẹun. Hàmdá, jọ̀wọ́, ohunkóhun tó bá ti ibí yìí jáde, má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ta ni yóò mọ̀? Bàtà kò lẹ́nu."

"Ṣèlérí fún mi."

Hàmdálátù ṣèlérí. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ àyà nígbà tí ó ń ṣe é. Kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó rántí sọ ohun tí òun nìkan mọ̀ fún èkejì. Kòfowórọlá mọ̀ pé lábẹ́ awọ tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà, ẹni tó bá rán an parí ń fi bíró kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò bá wí bí bàtà bá já. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tirẹ̀. Ta ni yóò sì ya bàtà tuntun láti wò ó? Hàmdálátù ń ya bàtà tuntun, ó sì ti rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà títí ó fi sú u, ṣùgbọ́n ó rò pé àmì àwọn oníṣòwò awọ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọkùnrin kan dé. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá, ó gbé àpò awọ kọ́ èjìká, ó sì kí bàbá kó tó kí ọmọ.

"Ẹ kú ọjà o, màmá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń tà á fún. Wọ́n ní tiyín dára ju ti Èkó lọ."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti rí inú rẹ̀."

"Inú rẹ̀ kẹ̀?"

"Níbí, a kì í ta ohun tí a kò là. Ẹ mú ẹsẹ̀ kan. Ẹ má mú ti òkè o, ìsàlẹ̀ àpò ni kẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀."

Rasheedat, ọlọ́ṣẹ tó wà ní ìsọ̀ kejì, pariwo sí wọn: "Ẹ sún sẹ́yìn o! Ìyá Ridwan fẹ́ pa ẹran!"

Ọ̀bẹ wọ awọ, ó jáde ní àtẹ́lẹ̀. Hàmdálátù gbé ìlàjì náà sókè bí olóbì ṣe ń gbé obì. "Ẹ wò ó. Awọ nìyí. Fóòmù nìyí. Okùn méjì. Ayédèrú kì í ní ju ẹyọ kan lọ."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò wo okùn. Ó fi àtàǹpàkò ká awọ inú rẹ̀ sókè.

"Kí ni nọ́ńbà yìí, màmá?"

"Àmì wọn ni. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń ní i."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Mélòó ni mo ti là?" Ó tẹ̀ síwájú, ó fa páálí jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì to ìlàjì mẹ́sàn-án sórí tábìlì fún un, láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí ti oṣù tó kọjá, olúkúlùkù pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi ara balẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọkùnrin náà yọ fóònù, tó ní òun fẹ́ ya fọ́tò wọn kí òun lè fi han ìyàwó òun, Hàmdálátù tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìlàjì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán wọn lè mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ń lọ mú ọkọ̀ wá. Kò padà.

"Kò tíì dé?" ni Alhaji Fàsásì bi í nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

"Bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́, Bàámi."

"Ẹni tó fẹ́ ra obì, obì ló ń wò. Apẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ń wò."

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Kòfowórọlá wọlé wá. Kò jókòó.

"Hàmdá, o máa ń la bàtà?"

Hàmdálátù wo ojú rẹ̀. "Mo máa ń là á. Kí ló dé?"

"Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Fọ́tò mẹ́wàá ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà mi ló wà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n ní èmi ni mò ń kó o jáde fún obìnrin kan ní Sábó. Wọ́n ní kí n lọ sílé, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, kí n sọ ẹni tá a jọ ń ṣe é. Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́." Ó na ìka sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọwọ́ kan wà nínú fọ́tò náà. Làálì wà ní ìka rẹ̀, àpá iná wà lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀. Àpá iná yẹn, èmi ni mo tì ọ́ sínú eérú gbígbóná nígbà tá a wà ní kíláàsì kẹta. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ni ọwọ́ náà."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí."

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ti Hàmdálátù gbẹ́ e. Ohun tí ó ń ṣe kí ọjà rẹ̀ lè mọ́ ni ó tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ síta, páálí tí ó sì tò dáadáa ni ó di ẹ̀rí ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mọ́ṣúdù yọjú, ó fi fìlà bojú díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí ọ̀gá.

"Ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ ní Èkó lẹ ti rà á. Wọn kò lè fi nǹkan kan mú yín. Wọ́n á lé obìnrin yẹn, tó bá máa di oṣù kejì, ilẹ̀ á ti tutù, a ó sì wá ọwọ́ mìíràn."

"Ọwọ́ mìíràn?"

"Ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́. Ṣé òun nìkan ló mọ maṣíìnì wà ni?"

"Mọ́ṣúdù, ìwọ lo gbé e wá fún mi. Obìnrin yẹn kò gbé ẹyọ okùn kan jáde rí."

"Ẹ dárúkọ mi, kí èmi náà dárúkọ yín." Ó dìde. "Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó ra ẹrù olè."

"Ìwọ lo ní èènì ni."

"Ẹ̀yin náà mọ̀, Ìyá Ridwan. Ọjọ́ tí ẹ ti ń sọ fún wọn pé olórúkọ kò mọ̀, ṣé ẹ̀yin kò gbọ́ ohun tí ẹnu yín ń sọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni Hàmdálátù ń rò fún ọjọ́ méjì. Bí ó bá lọ sí Ògìjo, ìsọ̀ rẹ̀ ti tì pa nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì lè di ti àgọ́ ọlọ́pàá. Bí kò bá lọ, ìlérí tí ó tẹ ọwọ́ mọ́ àyà ṣe ti fọ́, Kòfowórọlá ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó jókòó ti baba rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó parí, bàbá bi í pé:

"Ta ló ru apẹ̀rẹ̀ yìí wá sọ́jà?"

"Mọ́ṣúdù ni, Bàámi."

"Mọ́ṣúdù kò ní ìsọ̀ ní Sábó."

Lẹ́yìn èyí, arúgbó náà da obì inú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan sórí ẹní, ó gbọn ewé inú rẹ̀ dànù, ó sì ti apẹ̀rẹ̀ náà sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Hàmdálátù kó gbogbo èènì tó ṣẹ́ kù sínú apẹ̀rẹ̀ náà, funfun sí apá kan, dúdú sí apá kejì. Ó to ìlàjì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, ó ṣẹ́ òṣùká, ó sì gbé e rù. Alábàárù kan sáré bá a. Ó mi orí. Àwọn ará ọjà yà fún un bó ṣe ń kọjá, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

"Ìyá Ridwan," ni Rasheedat wí, kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, "ó ní kòkòrò ni?"

"Ó ní."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ògìjo, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé itan. Èéfín àwọn ilé iṣẹ́ ti ń jáde nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì bi í pé ta ni ó wá rí, ó ní òun wá rí ẹni tó ya fọ́tò ọwọ́ òun.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀délé ni orúkọ ọkùnrin náà; àwọn tó ni àmì bàtà ló rán an. Kòfowórọlá ti wà níwájú rẹ̀ lórí àga, ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó rí ẹni tó wọlé, ó gbé ojú sí ilẹ̀.

Hàmdálátù sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò.

"Ọwọ́ mi nìyí. Èmi àti obìnrin yìí jọ lọ sí ilé ìwé, ó mọ̀ mí dáadáa. Ó purọ́ fún yín nítorí mi. Ṣùgbọ́n kò gbé bàtà kankan fún mi rí. Mọ́ṣúdù tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí yín ló ń gbé e wá. Ní ti obìnrin yìí, iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un ni ó ń ṣe."

"Màmá, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè gbé yín dé ilé ẹjọ́?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi wá?"

Ó wo apẹ̀rẹ̀. "Èmi ni mo tà á."

Wọ́n gba bàtà. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ sí ìwé pé kò ní tà á mọ́. Ọlọ́pàá pè é lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, baba rẹ̀ sì bá a lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó jókòó sí ìta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mọ́ṣúdù kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Wọ́n dá Kòfowórọlá padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò dá a padà sí ìdí maṣíìnì. Páálí ni ó ń tò báyìí. Wọ́n ní ẹni tó purọ́ ní ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà sínú bàtà. Owó páálí kò tó owó bàtà rírán.

Òsì ìsọ̀ náà ṣófo. Hàmdálátù ti padà sí ọ̀tún, ó ń ṣa obì. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń wá béèrè èènì. Ó ń sọ fún wọn pé kò sí. Nígbà mìíràn, bí ó bá fẹ́ la obì fún oníbàárà, ọ̀bẹ á dúró díẹ̀ lókè.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lọ́sàn-án Sátidé kan, Kòfowórọlá dúró sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Kò wọlé. Hàmdálátù kí i, ó dáhùn. Nígbà tó ṣe, Kòfowórọlá tẹ̀ síwájú, ó káṣọ apá rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí, ó mú obì kan jáde, ó sì nà án sí i.

"Là á."

"Ṣé o fẹ́ ra obì ni?"

"Mo ní kó o là á."

Hàmdálátù là á. Awẹ́ méjèèjì ṣí. Nínú ọ̀kan, ihò tín-ínrín kan wà, kòkòrò funfun kan sì ń rọra jáde nínú rẹ̀.

"Ó ní kòkòrò," ni Kòfowórọlá wí.

"Mo rí i."

Hàmdálátù dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà rù, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n láti lọ tún un ṣà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé Kòfowórọlá ti wọ inú ìsọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá, ó ń dúró dè é.